Bàálù Tí Kò Ní Àbùkù àti Etí Tó Ń Parọ́: Ìdáhùn fún Olùkọ́ Kan ní Ìlíṣàn

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ wíwa bàálù ní Amẹ́ríkà, ó sì ti gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́. Ohun tí bàbá náà béèrè nìyí: "Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ pápá bàálù sí àárín àwa àti Ìpẹru ni mo ti ń gbójú sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ mi ti bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí ni oorun mi kò ti jinlẹ̀ mọ́. Mo máa ń kà á pé bàálù kékeré já lóru nínú ojú ọjọ́ tó burú, wọ́n á sì tún ní ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ní àbùkù. Ṣé ìjì ló ń fà á ya ni, àbí mànàmáná? Bí ti Lísà níjọ́un náà ni? Ọmọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé gbogbo mítà ló wà níwájú òun. Ṣé kí n gbà á gbọ́, àbí kí n ní kó má wa bàálù lóru mọ́?"

Ẹ kú àníyàn ọmọ o, ẹ̀yin olùkọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bàálù kékeré kí n tó padà wá jókòó sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìbéèrè yín yìí sì ni ọ̀kan tí àwọn ará ilé tèmi náà béèrè jù lọ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìjì kì í sábà fa bàálù kékeré ya, mànàmáná kì í sì í sábà pa á. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ, nítorí pé kò ní ariwo: bàálù tí ara rẹ̀ le koko, tí epo wà nínú rẹ̀, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún bó ṣe yẹ kó dún, ni awakọ̀ rẹ̀ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà wọ inú ilẹ̀ tàbí inú omi, tí á sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé tààrà ni òun ń lọ.

Kí n kọ́kọ́ gbé ti Lísà kúrò lọ́nà. Bàálù Bellview tó já sí Lísà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, kì í ṣe bàálù kékeré. Boeing 737 ni, èèyàn 117 ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì yè. Ìjì òjò wà ní sàkáání lálẹ́ ọjọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kò rí ẹ̀rí tó tó láti sọ ní pàtó pé ohun báyìí ló fà á. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí á fi í ṣe àpẹẹrẹ ohunkóhun.

Kí ohun tí mo fẹ́ sọ lè yé yín, ẹ bu gàrí Ìjẹ̀bú díẹ̀ sínú abọ́, ẹ da omi lé e dáadáa, kí ẹ sì dúró kí ó rọlẹ̀. Ìwọ̀nba èèpo àti hóró díẹ̀ á léfòó sójú omi. Àwọn ni kí ẹ máa wò. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì yí abọ́ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Abọ́ á yí, ṣùgbọ́n èèpo gàrí á dúró sójú kan, nítorí pé omi kò tíì bá abọ́ lọ. Bí ẹ bá ń yí i láìdáwọ́ dúró, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, títí tí omi àti abọ́ á fi jọ máa lọ ní ìwọ̀n kan náà. Nígbà tí ẹ bá wá dá abọ́ dúró lójijì, omi ṣì ń yí lọ ní tirẹ̀.

Irú abọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi sínú etí kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n tẹ̀ bí òrùka, omi wà nínú wọn, irun tín-ín-tìn-ìn-tín sì wà níbẹ̀ tí omi náà máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí orí bá yí. Títẹ̀ irun yìí ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé a ń yí. Bí bàálù bá wá ń yí sí ọ̀nà kan ní ìwọ̀n kan náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20, omi inú etí á bá ihò rẹ̀ dọ́gba, irun á nà ró padà, ọpọlọ á sì gbà pé a ti dẹ́kun yíyí, nígbà tí bàálù ṣì ń yí lọ ràì. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé bí apá bàálù bá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, etí kò ní mọ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lójú ọ̀sán, ojú ló ń tún irọ́ etí ṣe. Awakọ̀ á wo ìta, á rí ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀, á sì mọ̀ bóyá apá bàálù dọ́gba tàbí kò dọ́gba, láìtilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ronú nípa rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Awakọ̀ tí wọ́n kọ́ ní wíwa bàálù pẹ̀lú ojú nìkan ń fi òwe yìí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sì ń gbè é, títí di alẹ́ ọjọ́ tí ó bá wọ inú ìkùukùu tí kò rí i tẹ́lẹ̀. Lóru, ìkùukùu kì í funfun. Dúdú ni nínú dúdú. Ohun tí awakọ̀ kọ́kọ́ máa ń rí ni pé iná ìlú tó wà níwájú ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lè rò pé wọ́n mú iná lọ ni.

Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á máa bá a lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí ibí yìí gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Apá òsì bàálù tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, etí kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí bàálù bá tẹ̀ bẹ́ẹ̀, imú rẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, eré rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Awakọ̀ á gbọ́ tí atẹ́gùn ń dún kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á rí i lójú mítà pé gíga òun ń dínkù, á sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni á ṣe: á fa ọwọ́ ìdarí mọ́ra kí imú lè gbé sókè. Bí apá bàálù bá dọ́gba, ohun tó tọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n apá ti tẹ̀, nítorí náà fífà yẹn kò gbé imú sókè, ńṣe ló ń mú kí bàálù túbọ̀ yí, kí ó sì túbọ̀ há sínú yíyí náà, bí omi ṣe ń yí wọ ihò kòtò. Ó fà á sí i, ó túbọ̀ burú sí i. Bí ó bá tilẹ̀ ṣèèṣì mú apá bàálù dọ́gba, etí á kígbe pé ọ̀tún lo ń dà sí báyìí, á sì dá a padà sí òsì, nítorí pé ibẹ̀ ni ara ti gbà pé ó tọ́.

Ní ọdún 1954, Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà mú ogún awakọ̀ tí kò mọ wíwa bàálù pẹ̀lú mítà nìkan, wọ́n dí ojú wọn mọ́ ìta nínú bàálù gidi, pẹ̀lú olùkọ́ tó múra sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbogbo ogún ló sọ bàálù nù lọ́wọ́ ara wọn. Bí a bá pín àkókò wọn dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 ni ó gbà wọ́n, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ló bá irú yíyí tí mo ṣàpèjúwe yìí lọ. Apá kejì ìwádìí náà kì í sábà dé etí àwọn èèyàn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù: wọ́n kọ́ àwọn awakọ̀ kan náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo, tó rọrùn, láti fi mítà yí padà sí ibi tí wọ́n ti wá, wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n sì fi kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n tún dán wọn wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ṣe é tó yọrí sí rere.

Ó ti ṣe èmi náà rí, mo sì ti lo ọdún mẹ́tàlá lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, nínú ọyẹ́, tí oòrùn ti wọ̀, tí eruku sì ti so sánmà àti ilẹ̀ pọ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ ní kí n yí sí ọ̀tún, yíyí gígùn. Nígbà tí mo yí tán tí mo mú apá bàálù dọ́gba, mítà ní ó dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé a ti dà sí òsì. Mo tẹjú mọ́ mítà. Mo fi ẹnu sọ ọ́ síta pé "ó dọ́gba, ó dọ́gba." Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan ni ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé ọrùn ń dùn yín ni?" Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé mo ti tẹ orí àti èjìká mi sí ọ̀tún gbáà, bí ẹni tó ń yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, láti fi tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ọwọ́ mi nìkan ni kò tẹ̀ lé ara mi.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọmọ yín nípa mítà fi jẹ́ òtítọ́ tí kò pé. Mítà lè wà níwájú èèyàn kí ó má lè kà á. Ní òru ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1959, bàálù Beechcraft Bonanza kan gbéra nínú yìnyín ní Mason City, nítòsí Clear Lake, ìpínlẹ̀ Iowa, pẹ̀lú Buddy Holly àti àwọn olórin méjì mìíràn, kò sì lọ jìnnà kí ó tó já. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà á kò tíì gba ìwé àṣẹ wíwa bàálù pẹ̀lú mítà nìkan. Àwọn olùwádìí tún rí i pé mítà tó ń fi ìdúró bàálù hàn nínú bàálù náà ń fi gíga àti ìsàlẹ̀ imú hàn ní òdìkejì bí ti èyí tí ó fi kọ́ṣẹ́ ṣe ń fi í hàn. Ẹ fojú inú wo ẹni tí etí rẹ̀ ń parọ́ fún, tó sá lọ bá ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù, tí èdè ẹlẹ́rìí náà kò sì yé e.

Ti John Kennedy kékeré, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà kan, kò ní ìjì kankan nínú. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1999 ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ já sínú òkun ní etí erékùṣù Martha's Vineyard. Kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lásán ló wà, irú èyí tí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò ní kà sí. Ṣùgbọ́n lórí omi dúdú, lábẹ́ sánmà dúdú, kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó láti pa ibi tí sánmà ti pàdé omi rẹ́. Wákàtí bí 310 ló ti fi wa bàálù láyé rẹ̀, kò sì ní ìwé àṣẹ mítà.

Èyí tó kan ilẹ̀ wa jù lọ, hẹlikópítà ni, kì í ṣe bàálù alápá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2024, hẹlikópítà kan gbéra ní Palm Springs ní California, ó ń lọ sí Boulder City nítòsí Las Vegas. Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà Access Holdings tó ni ilé ìfowópamọ́ Access, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, ọmọ Olóyè Chris Ògúnbánjọ tí gbogbo Ìjẹ̀bú mọ̀ sí ará Erunwọn. Awakọ̀ méjì ni wọ́n ní, èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kò ní. Wọ́n ń tọ títì márosẹ̀ gba inú aṣálẹ̀ tí kò ní iná, òjò àti yìnyín sì dàpọ̀ ń rọ̀ lé títì náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń wa mọ́tò níbẹ̀ ṣe sọ. Èèyàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú. Àbọ̀ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ni pé awakọ̀ ń fi ojú wà á lọ wọ inú ojú ọjọ́ tí ojú kò ti lè ríran, ara sì tàn án. Mo ka àbọ̀ náà pẹ̀lú ìrora, nítorí pé mo mọ bí ó ṣe máa ń rí kí èèyàn máa wo iná mọ́tò nísàlẹ̀, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má bàa bọ́ mọ́ ọn lójú.

Ẹ ó ti máa rò ó pé ibi tí yìnyín wà nìyẹn. Tiwa náà ní ohun tó tó o. Ẹni tó bá fò lóru láti Ìjẹ̀bú-Òde sí ìhà ìlà-oòrùn á bá igbó ọba Ọmọ pàdé, kò sí iná níbẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n da yíǹkì sílẹ̀. Bí ó bá yà sí gúúsù, sí Ẹ̀pẹ́ àti Ògùn Wọ́tásáìdì, ọ̀sà ni, fìtílà àwọn apẹja á sì máa tàn yọ́yọ́ lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìràwọ̀, tí ẹni tó ti rẹ̀ kò fi ní mọ èwo ni ọ̀run, èwo ni omi mọ́. Ìjì òjò tó ń ti ìlà-oòrùn wá ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, tó sì tún ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, sábà máa ń gbéra lọ́sàn-án níbi tó jìnnà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa lálẹ́. Ó léwu gan-an, afẹ́fẹ́ tó ń já bọ́ láti inú rẹ̀ lè tẹ bàálù kékeré mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ìyẹn ń kéde ara rẹ̀ pẹ̀lú mànàmáná, ẹni tó bá ní làákàyè á sì yà fún un. Kùrukùru òwúrọ̀ tó ń bo àfonífojì odò, àti eruku ọyẹ́, ni kì í kan ilẹ̀kùn. Kódà ooru wa kò gba ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ yìnyín: nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún omi bíi tiwa, yìnyín lè dì sínú kabúrétọ̀ ẹ́ńjìnì bàálù kékeré nígbà tí ẹni tó wà nílẹ̀ ń làágùn.

Ẹ lè béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ bàálù kékeré ni. Bàálù ńlá ń fò lókè tó ga tó 30,000 ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ ojú ọjọ́ sísàlẹ̀. Awakọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, ó ní rédà tó ń wo òjò, gbogbo ìrìnàjò rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi mítà ṣe, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Bàálù kékeré sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 12,000 ẹsẹ̀ bàtà, nínú ìkùukùu gan-an, pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo tó ń wà á, tó ń wo máàpù, tó ń dáhùn rédíò, tí àwọn tó gbé sì ń bi í pé ó kù bí ìṣẹ́jú mélòó.

Ìbéèrè "ó kù bí ìṣẹ́jú mélòó" yẹn ló ń pa èèyàn. Ní èrò tèmi, orí ilẹ̀ ni ìjàm̀bá yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́nu ẹni tó ń kánjú. Mo gbé ọkùnrin olówó kan rí láti Àbújá ní ọjọ́ tó ṣáájú Ojúde Ọba. Ìdílé Balógun ni, aṣọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú àpótí lẹ́yìn wa, ó sì pẹ́ wákàtí mẹ́ta kó tó dé pápá. Nígbà tí a sún mọ́ Ìlọrin, mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjì òjò ti gba gbogbo ọ̀nà Èkó, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo ní Ìlọrin ni a máa sùn. Ó ní, "Kápútéènì, ẹṣin wa ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó máa gùn ún ni ẹ ń dá dúró yìí." Mo balẹ̀ sí Ìlọrin. Ó gba mọ́tò láàárọ̀ kùtù, ó bá Ojúde Ọba ní ìdajì, kò sì tún pè mí láti gbé e mọ́ láéláé. Owó tí mo pàdánù lọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré, n kò ní parọ́.

Nítorí náà, ẹ má ní kí ọmọ má wa bàálù lóru mọ́. Òru kò le fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà béèrè fún ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ ni wákàtí mẹ́ta ẹ̀kọ́ alẹ́ àti wákàtí mẹ́ta ẹ̀kọ́ mítà, ìyẹn kò sì tó láti fi wọ ìkùukùu. Ó kàn tó láti fi yí padà kúrò nínú rẹ̀ ni. Ìwé àṣẹ mítà gan-an ń béèrè ogójì wákàtí. Ẹ bá a fi owó sí ìyẹn kí ẹ tó bá a ra ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì ní kí ó máa ṣe é lóṣooṣù lẹ́yìn tí ó bá gbà á, nítorí pé ìmọ̀ yẹn ń tètè ṣá. Títí di ìgbà náà, kí ó wo ìwọ̀n ooru àti ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ fi ń di ìrì níbi tó ń lọ. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn kò bá ju bí ìwọ̀n Celsius méjì lọ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, kí ó dúró sílé, nítorí pé kùrukùru lè máa bọ̀ nìyẹn.

Nígbà tó bá wálé, ẹ gbé e jókòó sórí àga tó ń yí, bí ti inú ọ́fíìsì, kí ó di ojú rẹ̀, kí ó na àtàǹpàkò sí ibi tó bá rò pé òun ń yí sí. Ẹ yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ máa ka iye ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ó rí i tí àtàǹpàkò rẹ̀ á dúró nígbà tí àga ṣì ń lọ, àti tí á yí sí òdìkejì nígbà tí ẹ bá dá a dúró. Kí òun náà wá fi yín jókòó.

Títí ó fi máa dé, bí ẹ bá pè é lórí fóònù, ẹ má bi í pé ìgbà wo ni á dé ibi tó ń lọ. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló yí padà lójú ọ̀nà kẹ́yìn, kí ni ó rí tó fi yí padà, àti ibi tó sùn mọ́jú. Bí ó bá lè dárúkọ ìlú náà fún yín, ẹ lọ sùn.